Ọdún Tí Bàbá Mi Kọ̀ Kí Kọ̀ǹpútà Wa Di Tuntun

Agboolé wa ní Ẹdẹ kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jí. Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń dún, nítorí iṣẹ́ tèmi ni, tí mo bá sì fi oorun gbálẹ̀, Ìyá mi á ti mọ̀ láti inú yàrá pé igun kan ṣẹ́kù. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ikọ́ Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ikọ́ tí kò ní àìsàn kankan nínú, tí wọ́n kàn ń fi sọ fún gbogbo ilé pé àwọn ti jí, kí oníkálukú wá kí àwọn. Lẹ́yìn ikọ́ ni ọ̀kadà àwọn tó ń sáré lọ sí pólì, lẹ́yìn ọ̀kadà ni ariwo Ìyá mi tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gàrí. Ìlú Ara ni wọ́n ti máa ń ra gàrí náà, àpò-àpò ni wọ́n sì ń tà á, nítorí náà kò sí ohun tó wà nílé wa tí kò rùn bíi gàrí: aṣọ ilé ìwé mi, ìrọ̀rí, Kùránì bàbá mi. Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ohùn tuntun kan wọ àárín wọn: orin kékeré tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá tàn án, àti igbe bátìrì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó máa ń ké bí òròmọdìẹ tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Àwọn tí bàbá mi kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ra kọ̀ǹpútà náà fún wọn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Tòkunbọ̀ ni. Wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyìn, wọ́n ní kí Tíṣà fi kọ ìwé ìtàn ìlú, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìtàn náà tó wọn. Bàbá mi gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀, Ìyá mi fi aṣọ léèsì bò ó lórí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá fi ọwọ́ epo kàn án á ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá mi gbé gíláàsì wọjú, wọ́n tẹ àkọlé ìwé, wọ́n fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sọ ìlà náà di méjì. Ìtàn ìlú kò kọjá ibẹ̀ títí di òní, nítorí pé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí eré dráfù kan tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà náà kí wọ́n tó rà á. Láti ìgbà náà, tí àlejò bá béèrè Tíṣà, a máa ní wọ́n ń kọ ìwé, àlejò náà á sì fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ padà kí ó má baà dí ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ kí n tó lọ jìnnà. Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti kọ́ balùwẹ̀ kan sẹ́yìn ilé, omi rẹ̀ sì ń gba abẹ́ fèrèsé yàrá Bàbá Àgbà kọjá. Bàbá Àgbà ní àwọn kò lè máa fi òórùn ọṣẹ ìyàwó ẹlòmíì jí láràárọ̀. Bàbá mi fèsì pé ẹni tí òórùn ọṣẹ bá ń bí nínú, kí ó gbé fèrèsé rẹ̀ lọ síbòmíì. Ọ̀rọ̀ náà ló parí gbogbo ọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ ń gbé agboolé kan, tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan, kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn kì í jà, wọn kì í bú ara wọn, wọ́n kàn ń rán ọmọ. Èmi, Ràlíátù, sì ni ọmọ náà, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi Bùṣírátù ti wọ pólì, ó ti tóbi ju ẹni tí wọ́n ń rán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbà á dúró ti bàbá mi ní fàráńdà, tí aṣọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, wọ́n á ní, "Ràlí, sọ fún bàbá rẹ pé òjò ń bọ̀." Màá yíjú sí apá kejì, màá ní, "Bàbá, Bàbá Àgbà ní òjò ń bọ̀." Bàbá mi á wo ojú ọ̀run. "Sọ fún wọn pé mo lójú." Màá tún yíjú padà: "Bàbá Àgbà, bàbá mi ní àwọn dúpẹ́." Ìyá mi á máa wò wá láti ìdí gàrí wọn. "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," wọ́n á sọ fún afẹ́fẹ́, wọn kì í sì í dárúkọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Bàbá mi kò mọ dráfù ta. Wọ́n mọ òfin rẹ̀ dáadáa, wọ́n lè fi chọ́ọ̀kì ṣàlàyé rẹ̀ fún odidi kíláàsì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń nà wọ́n láàárọ̀, ó sì ń nà wọ́n nírọ̀lẹ́. Bàbá Àgbà ní tiwọn, awakọ̀ akẹ́rù ni wọ́n títí orúnkún wọn fi ní ó tó, kò sì sí gáréèjì láti Ẹdẹ dé Kánò tí wọn kò ti na ènìyàn nídìí dráfù. Bẹ́ńṣì wọn wà níta, lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ wa. Wọ́n ń gbọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jẹ ọmọ dráfù àbúrò wọn, kọ́-kọ́-kọ́, ó sì ń ká wọn lára. Wọ́n fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orí wọn yọ lójú fèrèsé.

"Ràlí, sọ fún ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn pé tó bá gbé ọmọ tó wà ní igun, wọ́n á jẹ mẹ́ta."

Mo sọ fún bàbá mi. Bàbá mi kò yíjú. "Sọ fún wọn pé mo ti rí i." Wọ́n gbé ọmọ igun náà. Kọ̀ǹpútà jẹ mẹ́ta.

Kò pẹ́ sí i tí Bàbá Àgbà fi wọlé. Wọ́n ní oòrùn ń pa àwọn níta. Òjò ló ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Wọ́n fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi, àwọn méjèèjì sì pawọ́ pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá kọ̀ǹpútà jà. Wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Bàbá Àgbà á ní, "Kọ̀ǹpútà, ẹni tó di máòsì mú yìí kò ríran." Bàbá mi á ní, "Kọ̀ǹpútà, bá mi sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni mo wa ọkọ̀ wọ inú kòtò ní Mọ́kwá." Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, inú mi sì dùn, nítorí mo ráyè lọ ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà míì tí mo bá gba pálọ̀ kọjá, màá rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ojú wọn kọ síbì kan náà, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Mo rò nígbà náà pé dráfù náà ló dùn. Nísinsìnyí tí èmi náà ti mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn máa wá ohun tó máa fi wọlé tọ ẹni tó ti bá jà, mo mọ̀ pé Bàbá Àgbà ì bá jókòó ti bàbá mi kódà kó jẹ́ ìwé ìròyìn àná ni wọ́n ń kà.

Bùṣí ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní pólì lọ́dún náà. Ó ra móódẹ́ẹ̀mù, ohun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kí ó lè dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ó tó kì í bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà wa kò mọ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àpótí funfun kékeré kan yọ ní igun ìsàlẹ̀ láàárín eré, ó bo ọmọ dráfù mọ́lẹ̀. Bàbá mi ké sí Bùṣí, Bùṣí sì tẹ̀ríba kà á.

"Ó ní ètò tuntun ti dé. Ètò tó ń darí gbogbo inú kọ̀ǹpútà, pé kí á fi tuntun pààrọ̀ ti àtijọ́. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ báwo?" Bàbá Àgbà béèrè. "Ta ló kú tí wọ́n ń há nǹkan?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá Àgbà. Àwọn tó ṣe é ló ní kí gbogbo ènìyàn gbà á."

"Ohun tó dára, ṣé ó máa ń sáré tẹ̀ lé ènìyàn?"

Bùṣí ní ọ̀rẹ́ òun kan ti gba tirẹ̀. Ó ní ó lẹ́wà lójú, àmọ́ àwọn eré àtijọ́ inú rẹ̀ ti lọ, dráfù kò sí níbẹ̀ mọ́. Bàbá mi yọ gíláàsì wọn, wọ́n nu ún, wọ́n tún gbé e wọjú. Bàbá Àgbà ń wo ògiri. Èmi tí mo gbé abọ́ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ dúró níbẹ̀, mo rò ó pé tí dráfù bá lọ, iṣẹ́ ìránṣẹ́ mi ti padà dé nìyẹn.

"Sọ fún un pé a ò fẹ́," bàbá mi wí. Gbogbo wa gbọ́ "a" náà.

"Kò síbi tí wọ́n ti lè sọ bẹ́ẹ̀," Bùṣí dáhùn. "Ohun méjì ló gbé kalẹ̀. Ó ní ṣé nísinsìnyí ni àbí tó bá di alẹ́."

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ gidi fi bá wọn. "Bí mo ṣe fẹ́ ìyàwó mi gan-an nìyẹn. N kò bi í bóyá ó fẹ́ mi. Mo ní ṣé ọjọ́ Ẹtì ni àbí ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Bùṣí wọ inú ètò kọ̀ǹpútà, ó pa ohun tó ń jẹ́ kí ó máa gba tuntun fúnra rẹ̀, àpótí náà sì lọ. Nígbà tó tún kó dátà sí móódẹ́ẹ̀mù, àpótí padà dé. Bùṣí wá ohun kékeré tó ń gbé e wọlé, ó yọ ọ́ dànù, ohun kékeré náà tún wọlé bí ológbò tí wọ́n lé lójú ọ̀nà tó wá gba fèrèsé. Bàbá mi kọ "A KÒ FẸ́" gàdàgbà sára páálí, wọ́n gbé e ka orí kọ̀ǹpútà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì fún ọmọ tó lágídí. Ìyá mi béèrè bóyá kọ̀ǹpútà mọ̀wé Yorùbá. Nígbà tí páálí kò ṣiṣẹ́, bàbá mi pàṣẹ pé móódẹ́ẹ̀mù kò gbọ́dọ̀ wọ kọ̀ǹpútà náà mọ́, Bùṣí sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. "Bàbá, ṣé tí wọ́n bá bi mí nípa ìwé ẹ̀rí mi, kí n ní dráfù ló gbé e lọ?" Ìyá mi ló parí ọ̀rọ̀ náà, wọn kò tilẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò nínú gàrí tí wọ́n ń kù. "Ọmọ á lo íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ̀yin tó ni dráfù, ẹ jókòó tì í." Báyìí ni ó ṣe di pé tí Bùṣí bá fẹ́ ṣiṣẹ́, bàbá mi á jókòó sọ́tùn-ún, Bàbá Àgbà á jókòó sósì pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n á máa wo gbogbo ohun tó bá ń tẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó máa ń kọ̀wé sí Bùṣí lásìkò náà kò kọ̀wé mọ́ lẹ́yìn tí Bàbá Àgbà ní kí Bùṣí bi í irú iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bùṣí dìde lọ tẹ ẹ̀bà. Bó ṣe kúrò nídìí rẹ̀ ni àpótí náà yọ, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì gba àárín. "Kọ̀ǹpútà," Bàbá Àgbà wí, "ní kí ó tẹ ẹ́kíìsì pupa tó wà lókè yẹn. Ibẹ̀ lọmọ yìí máa ń tẹ̀ tó bá fẹ́ lé nǹkan." Bàbá mi tẹ̀ ẹ́. Àpótí pòórá. Inú àwọn méjèèjì dùn gan-an, wọ́n jẹ ẹ̀bà wọn bí ẹni tó ti ogun bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé àwọn tó ṣe ètò náà ti pinnu pé ẹni tó bá tẹ ẹ́kíìsì náà, tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn lójú, ó ti gbà nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì ló ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá mi ti lọ sí Sẹ̀kọ̀nà lọ kí ọ̀rẹ́ wọn kan tí ara rẹ̀ kò yá, Ìyá mi wà ní Ara, Bùṣí wà ní pólì. Mo ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà ní fàráńdà nígbà tí Bàbá Àgbà pè mí láti pálọ̀ pé kí n wá wo nǹkan. Ojú kọ̀ǹpútà ti di búlúù pátápátá. Òbìrìkìtì kan wà láàárín rẹ̀, nọ́ńbà inú rẹ̀ sì ń gòkè. Mo ka ohun tó wà nísàlẹ̀ fún wọn: òun ń fi ètò tuntun sínú ara òun, kí ẹnikẹ́ni má pa òun.

"Ṣé òun náà nìyẹn?"

"Òun ni, Bàbá Àgbà."

Wọ́n fún mi ní fóònù wọn, mo pe Bùṣí, kò gbé e. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wo fóònù, wọ́n ní kí n pe bàbá mi. Bàbá mi gbé e, ṣùgbọ́n ariwo mọ́tò oríta Sẹ̀kọ̀nà bo ohùn mi mọ́lẹ̀. "N kò gbọ́ ohun tó ò ń sọ," wọ́n ń pariwo. "Gbé fóònù fún àgbàlagbà." Mo na fóònù sí Bàbá Àgbà. Wọ́n wò ó bí ẹni tí wọ́n na ejò sí. Nọ́ńbà ń gòkè. Níkẹyìn wọ́n gbà á.

"Àkànní," wọ́n ní.

Oríkì bàbá mi nìyẹn. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Ohùn fóònù náà lọ sókè bíi ti gbogbo àgbàlagbà, nítorí náà mo ń gbọ́ ariwo mọ́tò àti ohùn apá ọ̀hún.

"Ẹ̀gbọ́n mi?" bàbá mi dáhùn.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló bẹ̀rẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà. Ó ń yí padà lójú mi báyìí."

"Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná."

"Ó ní ká má pa òun."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀. Ràlí kà á fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kọ̀ǹpútà ló wá ń pàṣẹ fún yín?"

"Tí mo bá yọ ọ́ tó wá kú, ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ pé èmi ni mo pa á. Ta ló tẹ ẹ́kíìsì?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n tẹ̀ ẹ́."

"Ìgbà wo lo ti ń gbọ́ tèmi? Mo ní kó o yí omi balùwẹ̀ gba ibòmíì, ṣé o gbọ́?"

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá Àgbà jókòó, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí nọ́ńbà tó ń gòkè. Wọ́n ní kì í ṣe òórùn ọṣẹ ló dun àwọn. Wọ́n ní àwọn ni àwọn fi owó ọkọ̀ rán Àkànní lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, Àkànní náà ló wá la ẹnu níwájú gbogbo ilé pé kí àwọn gbé fèrèsé. Bàbá mi ní, "Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó rò ó, ẹ̀gbọ́n. Ojú tì mí. Mo ń retí kí ẹ bú mi kí n lè ríbi bẹ̀ yín, ẹ ò bú mi."

"Ìwọ ni o ò wá."

"Mo ń ránṣẹ́ sí yín."

"Ọmọ yìí lò ń rán. Ohunkóhun tí mo bá rán sí ọ, á padà wá sọ fún mi pé o dúpẹ́."

"N kò dúpẹ́ rí," bàbá mi wí.

Bàbá Àgbà wò mí. Mo rántí ẹ̀wà mi, mo sì padà sí fàráńdà.

Ìjà náà kò dáwọ́ dúró títí owó fóònù fi tán. Nígbà tí mo yọjú wo pálọ̀, kọ̀ǹpútà ti parí iṣẹ́ rẹ̀, àwòrán tuntun kan tí n kò rí rí ti wà lójú rẹ̀. Bàbá Àgbà kò wò ó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Kò pẹ́, ọ̀kadà kan gbé bàbá mi dé, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀: "Ohun tí mo fẹ́ sọ kí fóònù tó gé ni pé..." Bàbá Àgbà dìde pàdé wọn, wọ́n sì gbé e lọ láti ibẹ̀. Àwọn ará ilé yọrí lójú fèrèsé. Kẹ̀kẹ́ tó gbé Ìyá mi àti àpò gàrí wọn láti Ara dé lásìkò náà, Ìyá mi ní kí ẹni tó wà á pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá, ṣé ìjà ni?" oníkẹ̀kẹ́ béèrè.

"Ìjà ni," Ìyá mi wí. "Má là wọ́n."

Ìyá mi jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà, wọn kò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń nu ojú wọn pẹ̀lú etí ìborùn.

Nígbà tí Bùṣí dé nírọ̀lẹ́, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní ojú kì í rí ibi kó fọ́. Ó kà nípa rẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó sì ní wọ́n fàyè gba ènìyàn láti dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí kò bá tíì pẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dá a padà. Ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé dátà tí wọ́n ń wọ̀n tà bíi gàrí ni móódẹ́ẹ̀mù wa ń lò, kí ó má ṣe dá ẹrù ńlá kankan gbé wọlé mọ́. Ó tún yọ ohun kékeré tó ń gbé àpótí náà wá, ó sì fi í pa mọ́ kúrò lára ohun tí kọ̀ǹpútà lè tún wá gbà. "Mo ti dí i lẹ́nu," ó wí. Òótọ́ ni, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi lò ó gbó. Dráfù wà níbẹ̀ bí ó ṣe wà. Bùṣí lọ pe àwọn àgbàlagbà méjèèjì kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọkọ́ àti páìpù tuntun, wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí páìpù náà máa gbà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó dé, wọ́n jókòó, wọ́n ta dráfù, wọ́n sì ń jiyàn lórí páìpù débi pé kọ̀ǹpútà nà wọ́n láìní wàhálà kankan.

Láti ọjọ́ náà, ilé wa kò gbádùn mọ́. Ọ̀rọ̀ gbogbo ọdún tí wọ́n fi dákẹ́ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n jiyàn lórí ọ̀nà Kánò, wọ́n jiyàn lórí ẹni tí ìyá wọn fẹ́ràn jù, wọ́n jiyàn lórí bóyá àgbò ni wọ́n pa nígbà ìsọmọlórúkọ bàbá mi tàbí òbúkọ, ohun tó jẹ́ pé ẹnì kan péré nínú wọn ló wà láyé láti rí i, èkejì ni wọ́n sì ń sọ lórúkọ. Nígbà tó yá, Ìyá mi wọ pálọ̀ pẹ̀lú gèlè tí wọ́n fi di orí tó ń fọ́ wọn, wọ́n rọra jókòó ti Bùṣí.

"Bùṣí, ohun tó o fi dí kọ̀ǹpútà lẹ́nu yẹn, ṣé kò lè ṣiṣẹ́ lára ènìyàn?"

"Kò lè ṣe é, Ìyá."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà," Ìyá mi wí. Wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti lè gbọ́ àwọn méjèèjì dáadáa.